Ojú Rírán Ni Aṣọ Ti Ń Ya: Bí Aṣòfin Ṣe Ń Bi Ìjọba Léèrè Lórí Ìbánigbóyún, Ìlera àti Ààbò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ká ní ìkéde kan jáde lórí Facebook ní Ìlú Ọba lónìí. Obìnrin kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti bímọ méjì láìsí wàhálà, òun sì ṣe tán láti gbé oyún fún ìdílé tó ń wá ọmọ. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí òun níkọ̀kọ̀. Ìlà mẹ́ta péré. Bí ọmọ ilé aṣòfin bá wá fẹ́ bi ìjọba léèrè nípa ìlà mẹ́ta yìí, mínísítà wo ni yóò kọjú sí? Iléeṣẹ́ ètò ìlera ló ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ kí obìnrin gbé oyún fún ẹlòmíràn. Òfin tó ka irú ìkéde bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ jẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn, ìyẹn sì kan ọlọ́pàá, tí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ń bójú tó. Facebook fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ òfin ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó jẹ́ iṣẹ́ iléeṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí àjọ Ofcom sì ń mú ṣẹ. Bí àdéhùn náà bá yọrí sí ọmọ, ilé ẹjọ́ ni yóò sọ ẹni tó jẹ́ òbí rẹ̀, iléeṣẹ́ ìdájọ́ ló sì ni ìyẹn.

Iléeṣẹ́ mẹ́rin lórí ìlà mẹ́ta. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn bó bá ní ti ẹnìkejì ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń sọnù, nítorí ojú rírán ni aṣọ ti sábà máa ń ya. Ìgbàgbọ́ mi ni pé ìbéèrè tó ń so èso nílé aṣòfin ni èyí tó bá lọ dúró ní ojú ibi tí iléeṣẹ́ méjì ti pàdé, tó dárúkọ ohun tó wà níbẹ̀, tí kò sì fi àyè sílẹ̀ fún èyíkéyìí nínú wọn láti yẹ̀ ẹ́.

(Ìbánigbóyún ni mò ń pe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí sọ́rógésì: kí obìnrin lóyún, kí ó bímọ, kí ó sì gbé ọmọ náà fún àwọn tó bá a ṣe àdéhùn. Abánigbóyún ni obìnrin náà.)

Ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà ṣe pàtàkì, torí ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń dá ìṣòro òní sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Mary Warnock darí lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ àtọwọ́dá gbé àbọ̀ wọn kalẹ̀ ní ọdún 1984. Ní oṣù Kìíní ọdún 1985, Kim Cotton bí ọmọbìnrin kan fún tọkọtaya tí kò mọ̀ rí, £6,500 ló gbà, alágbàtà ló sì dúró láàárín. Ìwé ìròyìn gbé e kiri, ariwo ta, òfin Surrogacy Arrangements Act sì jáde nínú oṣù Keje ọdún yẹn kan náà. Òfin àkókò ìwé ìròyìn ni. Òun náà ni wọ́n ṣì ń lò, bí wọ́n tilẹ̀ ti tún àwọn ibì kan ṣe nínú rẹ̀.

Ohun mẹ́ta inú òfin yìí ni àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Àkọ́kọ́, ìbánigbóyún fúnra rẹ̀ kò lòdì sí òfin. Ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹlòmíràn máa ṣe alágbàtà rẹ̀ fún èrè. Obìnrin náà àti àwọn tó ń wá ọmọ kì í jẹ̀bi lábẹ́ abala yẹn. Èkejì, kò sí ẹni tó lè gbé àdéhùn náà lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n fi tipátipá mú un ṣẹ. Bí obìnrin náà bá ní òun ò gbé ọmọ sílẹ̀ mọ́, tàbí bí àwọn tó ń wá ọmọ bá sá lọ, ìwé tí wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀ kò lágbára kankan. Ẹ̀kẹta ni ìpolówó. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn kéde pé òun ń wá abánigbóyún, tàbí pé òun fẹ́ ṣe é, àyàfi àwọn àjọ tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè, tí àtúnṣe ọdún 2008 fún láǹfààní láti polówó iṣẹ́ tí òfin gbà wọ́n láàyè láti ṣe.

Ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì rèé. Aṣòfin tó bá béèrè pé kí ló dé tí ìjọba fi gba ìbánigbóyún olówó láàyè yóò gba ìdáhùn onílà kan: ìjọba kò gbà á láàyè, ìnáwó tó bójú mu nìkan ni òfin fọwọ́ sí. Ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Àṣìṣe kékeré kan nínú ìbéèrè náà ló fún akọ̀wé ìjọba ní ọ̀nà àbáyọ, ìbéèrè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì jáde mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ abala 3, tó sọ̀rọ̀ lórí ìpolówó. Bó bá jẹ́ ìwé ìròyìn ló gbé e jáde, olówó ìwé ìròyìn náà, olóòtú rẹ̀ àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde ló jẹ̀bi. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ló gbé e, ẹni tó jẹ̀bi ni ẹni tó mú kí ẹ̀rọ náà gbé e láti inú Ìlú Ọba, bó bá mọ ohun tó wà nínú ìkéde náà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì: láti inú Ìlú Ọba, àti bó bá mọ̀. Ní ọdún 1985, ó rọrùn láti mọ ẹni tó ń darí iléeṣẹ́ rédíò. Lónìí, ojú òpó tó gbé ìkéde náà lè wà ní Amẹ́ríkà, kó má sì sí ènìyàn kankan tó kà á kó tó jáde.

Èèyàn á wá rò pé òfin tuntun yóò dí àlàfo yẹn. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ọba fọwọ́ sí Online Safety Act, òfin ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin yìí ní kí àwọn ojú òpó wádìí ewu tó wà lórí pèpéle wọn, kí wọ́n sì mú ohun tó lòdì sí òfin kúrò. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni ojúṣe yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dè wọ́n. Ẹni tó bá kọ̀, Ofcom lè bu owó ìtanràn tó tó £18 mílíọ̀nù lé e, tàbí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un káàkiri àgbáyé, èyí tó bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìwé àkọpọ̀ kan wà lẹ́yìn òfin náà, Schedule 7, tó to àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣe kókó jù: jìbìtì wà níbẹ̀, kíkó ènìyàn ṣòwò wà níbẹ̀, títa oògùn olóró wà níbẹ̀. Ìpolówó ìbánigbóyún kò sí níbẹ̀. Èyí já sí pé bí ẹnìkan bá díbọ́n bí abánigbóyún, tó gba owó ìnáwó lọ́wọ́ tọkọtaya, tó sì pòórá, ojúṣe tó lágbára wà lọ́rùn ojú òpó náà torí pé jìbìtì ni. Bó bá jẹ́ abánigbóyún tòótọ́ ló kéde ara rẹ̀, ojúṣe yẹn kò dúró lórí ẹsẹ̀ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìkéde náà lábẹ́ òfin 1985.

Ojú rírán tí mò ń sọ nìyẹn. Mínísítà sáyẹ́ǹsì ní agbára láti fi ẹ̀ṣẹ̀ kún Schedule 7 nípasẹ̀ ìlànà tó bá gbé lọ síwájú ilé aṣòfin, bó bá rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ náà gbilẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ó ń pa èèyàn lára, tí ìpalára náà sì le. Agbára rẹ̀ ni, kò lè ní Ofcom ló ni ín.

Báwo ni èèyàn ṣe ń kọ ìbéèrè náà? Ìbéèrè alákọsílẹ̀ ni irinṣẹ́ tó bá a mu jù. Ìbéèrè ẹnu dùn ún wò lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ láti mú ẹni tí yóò béèrè, mínísítà sì lè fi gbólóhùn méjì tó lárinrin wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ní ti alákọsílẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní láti jókòó, kí ó wá fáìlì jáde, kí ó kọ ìdáhùn, kí mínísítà sì gbà pé òun ló sọ ọ́. Ìdáhùn náà yóò wà lórí ojú òpó ilé aṣòfin pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè wá a kà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn, àṣà ni pé kí ìdáhùn dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òmíràn jẹ́ ìbéèrè ọlọ́jọ́: aṣòfin fúnra rẹ̀ ni yóò dá ọjọ́ tí ó fẹ́ gba ìdáhùn, lẹ́tà N ni wọ́n fi ń sàmì sí i, kò sì gbọ́dọ̀ fi ju márùn-ún sílẹ̀ lóòjọ́. Àwọn aṣòfin tuntun fẹ́ràn ọlọ́jọ́ torí ó dà bíi pé ó yára. Àṣìṣe ni wọ́n ń ṣe bó bá jẹ́ iye ni wọ́n ń béèrè. Iléeṣẹ́ tí kò bá tíì ṣírò iye náà tán ní ọjọ́ tí wọ́n dá yóò fi ìlà kan ránṣẹ́ pé kò tíì ṣeé ṣe láti dáhùn, ojúṣe ọjọ́ náà ti parí nìyẹn, ìdáhùn gidi yóò sì dé nígbà tó bá wù wọ́n. Ohun tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí ọjọ́ kan pàtó, ni kí a fi ọlọ́jọ́ béèrè.

Kí ìbéèrè tó jáde, àwọn akọ̀wé ilé ní Table Office yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á dá a padà bó bá jẹ́ àríyànjiyàn ló wọ aṣọ ìbéèrè, bí ohun tó ń béèrè kò bá sí lọ́wọ́ mínísítà, bí ẹjọ́ rẹ̀ bá wà níwájú adájọ́, tàbí bí ìjọba bá ti dáhùn rẹ̀ ní sáà ìjókòó kan náà. Ìlànà kan wà tó kan ọ̀rọ̀ wa yìí gan-an: wọn kì í gbà kí aṣòfin bi mínísítà ní ìtumọ̀ òfin. Nítorí náà, “Ṣé ìkéde Facebook lòdì sí abala 3?” kò ní wọlé. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbà: ẹni mélòó ni wọ́n ti pè lẹ́jọ́, ìtọ́sọ́nà wo ni wọ́n ti kọ, ìjíròrò wo ló ti wáyé.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan láti orí àìdára dé orí dídára. Bí ó ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rèé: “Kí ni mínísítà ń ṣe láti dáàbò bo àwọn obìnrin lọ́wọ́ ìbánigbóyún orí íntánẹ́ẹ̀tì?” Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé. Ìpínrọ̀ kan nípa bí ààbò obìnrin ṣe jẹ ìjọba lógún, òmíràn nípa òfin 2023, ìkẹta nípa Ofcom. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ohun tuntun kan nínú rẹ̀.

Pín in sí mẹ́ta, kí o fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bi mínísítà ìdájọ́ pé èèyàn mélòó ni wọ́n pè lẹ́jọ́, mélòó ni wọ́n sì dá lẹ́bi, lábẹ́ abala 2 (ti alágbàtà fún èrè) àti abala 3 òfin 1985, ní ọdọọdún láti 2015. Bi mínísítà sáyẹ́ǹsì bóyá ó ti ṣe àyẹ̀wò lórí fífi ẹ̀ṣẹ̀ abala 3 kún Schedule 7, àti ọjọ́ tó ṣe é. Kí o wá bi mínísítà ìlera pé ìgbà wo ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ti sáyẹ́ǹsì jíròrò gbẹ̀yìn lórí ìpolówó ìbánigbóyún lórí ojú òpó. Ìbéèrè kẹta yìí ló ń mú orí wọn pàdé. Bí ìlera bá ní ìjíròrò ń lọ, tí sáyẹ́ǹsì sì ní òun kò ṣe àyẹ̀wò kankan, gbé ìdáhùn méjèèjì síra, ohun tó yẹ kí o tún béèrè ti hàn kedere.

Ìdáhùn náà ní èdè tirẹ̀, kíkà á sì jẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ní àwọn kò kó àkọsílẹ̀ náà jọ sí ojú kan, ó túmọ̀ sí pé ó lè wà ní ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, o sì lè lo òfin òmìnira ìròyìn (Freedom of Information) láti béèrè rẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní owó tí yóò ná àwọn yóò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, inú mi a máa dùn sí ìyẹn, torí ó ti jẹ́wọ́ pé àkọsílẹ̀ náà wà. £850 ni ààlà owó tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Dín ọdún mẹ́wàá kù sí méjì, dín gbogbo orílẹ̀-èdè kù sí agbègbè kan, kí o tún un fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní “láìpẹ́” tàbí “nígbà tí àkókò bá tó”, béèrè bóyá yóò jẹ́ kí ilé tó lọ sí ìsinmi. Bí wọ́n bá ní àwọn ti sọ fún Ofcom kó kọ̀wé sí ọ, béèrè lẹ́yìn náà pé kí wọ́n fi ẹ̀dà lẹ́tà náà sí ilé ìkàwé ilé aṣòfin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ nìkan ni yóò rí i.

Irinṣẹ́ tó mú jù lọ ni ìbéèrè atẹ̀lé, èyí tó dárúkọ nọ́ńbà àti ọjọ́ ìdáhùn tó ṣáájú, tó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mínísítà dúró sí. Kò ṣòro kọ. Mo kàn ń rí i pé àwọn tó ń lò ó kò pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ aṣòfin a béèrè, wọn a gba ìdáhùn, wọn a gbé e sí ojú òpó wọn, ó parí.

Ní báyìí, ọmọ náà. Abala 33 òfin ọdún 2008 lórí ìbímọ àtọwọ́dá (Human Fertilisation and Embryology Act) sọ pé obìnrin tó gbé oyún ni ìyá, ibi yòówù kó bí i sí, ẹyin ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́. Bí ó bá ní ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni bàbá lábẹ́ òfin, àyàfi bí ọkọ náà kò bá fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń wá ọmọ, tí ó lè jẹ́ pé ẹyin wọn àti àtọ̀ wọn ni, ní láti gba àṣẹ ìsọnidòbí ní ilé ẹjọ́. Obìnrin náà kò lè fọwọ́ sí i lọ́nà tó bófin mu kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà ni òfin fún wọn láti pe ẹjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adájọ́ ti gbà á lẹ́yìn ìgbà yẹn rí, láti ọdún 2014. Ẹnìkan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi Ìlú Ọba ṣe ibùgbé títí láé lójú òfin, ọmọ sì gbọ́dọ̀ máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2019 ni ẹni tó dá wà ti lè béèrè fún un.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ kò pọ̀, àmọ́ ó ń dunni. Àwọn kan tó pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì á ní kí àwọn má ná owó ilé ìwòsàn, ọkùnrin náà á sì bá abánigbóyún sùn. Òfin kò mọ oyún yẹn: oyún àtọwọ́dá nìkan ni àṣẹ ìsọnidòbí wà fún. Àwọn tó gba àtọ̀ sílé láìsí ilé ìwòsàn lè gba àṣẹ náà, ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò HIV tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ tó dúró láàárín. Ẹlòmíràn ti gbé Ìlú Ọba pẹ́, ó ní ìwé ìgbélùú, ó sì rò pé ìyẹn ti tó. Lójú adájọ́, gbígbé níbì kan yàtọ̀ sí fífi ibẹ̀ ṣe ilé ayérayé.

Fojú inú wo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ọmọ wà nínú àpótí amúlémóoru, dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Àwọn tí yóò tọ́ ọmọ náà dúró síbẹ̀, ọwọ́ wọn sì ni ọmọ yóò bọ́ sí lọ́jọ́ tó bá jáde, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó ní àṣẹ ni obìnrin tó ti lọ sílé, tó ń tọ́jú ojú ọgbẹ́ tirẹ̀. Iléeṣẹ́ ìlera ti gbé ìtọ́sọ́nà jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí ní ọdún 2018. Ìbéèrè tó yẹ níbí rọrùn: ọjọ́ wo ni wọ́n tún un ṣe gbẹ̀yìn, ilé ìwòsàn mélòó ní Ìngílándì ló sì ti sọ ọ́ di ìlànà tirẹ̀. Apá kejì yóò gba ìdáhùn pé wọn kò kó o jọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn náà fi hàn pé ìtọ́sọ́nà wà tí kò sẹ́ni tó ń wò bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n bá bí ọmọ náà sókè òkun, iléeṣẹ́ méjì tún wọlé: ọ̀rọ̀ abẹ́lé nítorí ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè, ilẹ̀ òkèèrè nítorí ìwé ìrìnnà pàjáwìrì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà ti ẹnubodè pa, àwòrán ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ jòjòló jáde láti ilé ìtura kan ní Kyiv, ní Ukraine, tí àwọn tó fẹ́ gbà wọ́n kò lè wọ ìlú náà. Ìbéèrè tó ń so iléeṣẹ́ méjèèjì pọ̀ ni iye ọjọ́ tó ń gbà, láti ọjọ́ tí wọ́n béèrè fún ìwé ìrìnnà ọmọ tí wọ́n bí nípasẹ̀ ìbánigbóyún dé ọjọ́ tí ó jáde.

Àwọn ìgbìmọ̀ àtúnṣe òfin ti Ìngílándì òun Wéèlsì àti ti Skọ́tílándì gbé àbọ̀ wọn jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Wọ́n ní kí ọ̀nà tuntun wà, tí àjọ tí ìjọba ń ṣọ́ yóò yẹ àwọn tọ̀túntòsì wò kí oyún tó wà, kí àwọn tó ń wá ọmọ sì di òbí láti ọjọ́ ìbí, bí obìnrin náà kò bá yí ọ̀rọ̀ padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba ìgbà náà ní kò sí àyè fún un nílé aṣòfin ná. Àwọn tó fẹ́ kí òfin dẹ̀ àti àwọn tó fẹ́ kí wọ́n fòfin de ìbánigbóyún pátápátá, bí Ítálì ṣe lọ jìnnà dé ti òkè òkun ní ọdún 2024, ló ń fi ìbéèrè sílẹ̀ lórí àbọ̀ yìí. Níwọ̀n bí àwọn méjèèjì ti ń béèrè “Ṣé ìjọba yóò ṣe é?”, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń gbà.

Ìlera obìnrin tó gbé oyún náà ni mo rò pé wọ́n ń béèrè kéré jù. Ìwádìí kan láti Ontario, ní Kánádà, jáde ní ọdún 2024 nínú ìwé ìṣègùn Annals of Internal Medicine. Lára àwọn abánigbóyún, 7.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àìsàn líle tó jẹ mọ́ oyún àti ìbímọ. Lára àwọn tó lóyún fúnra wọn láìsí ìrànlọ́wọ́, 2.3 ni, lára àwọn tó ṣe IVF (kí wọ́n so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ lóde ara) fún ara wọn, 4.3 ni. Ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún wà nínú ohun tí wọ́n rí. Ontario lè ṣe ìṣirò yìí nítorí pé àkọsílẹ̀ ìbímọ wọn sọ ẹni tó jẹ́ abánigbóyún. Ìbéèrè tí mo fẹ́ rí ní iwájú mínísítà ìlera ni èyí: ṣé àmì kan wà nínú àkọsílẹ̀ aláboyún NHS, ètò ìlera ìjọba, tó ń sọ pé oyún yìí jẹ́ ti ìbánigbóyún? Bí kò bá sí, ọjọ́ wo ni yóò wà níbẹ̀? Kò béèrè èrò ẹnikẹ́ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí bóyá ìbánigbóyún dára. Ìhà méjèèjì ló nílò iye yẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún ààlà ilẹ̀ níbí. Ìlera wà lọ́wọ́ Skọ́tílándì, Wéèlsì àti Àríwá Ayálándì fúnra wọn. Ìbéèrè tó bá kọ “ní Ìlú Ọba” lórí ilé ìwòsàn yóò gba ìdáhùn fún Ìngílándì nìkan. Ṣùgbọ́n òfin ìbánigbóyún kan gbogbo wọn. Dárúkọ ilẹ̀ tí o ń sọ.

Ní ti àwọn ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà gbajúmọ̀. Láti ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2025 ni àwọn ojú òpó ti ní láti pa ọmọdé mọ́ kúrò níbi àwòrán ìhòòhò, ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni, ìṣera-ẹni-léṣe àti àìsàn ọkàn tó jẹ mọ́ jíjẹun, kí wọ́n sì yẹ ọjọ́ orí wò lọ́nà tó dájú. Ohun tí òfin náà kò bo ni irọ́ ìlera tó bófin mu láàárín àwọn àgbà. Ẹni tó ń ta àgúnmu ìbímọ tí kò ṣiṣẹ́ lè bọ́ sínú jìbìtì. Ẹni tó kàn ń tan irọ́ nípa rẹ̀, tó sì gbà á gbọ́, kò rú òfin kankan. Bíbi sáyẹ́ǹsì nípa rẹ̀ yóò mú kí wọ́n tọ́ka sí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Bi ìlera pé kí ni NHS ń ṣe láti dáhùn irọ́ náà, ibẹ̀ ni owó àti òṣìṣẹ́ wà.

Ọ̀nà kan wà tó ń tú okùn iléeṣẹ́ yìí. Nílé àwọn Lọ́ọ̀dù, ìyẹn ilé aṣòfin àgbà, kì í ṣe mínísítà kan ni wọ́n ń bi, ìjọba ọba lápapọ̀ ni. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò wá ẹni tí yóò dáhùn, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ìbéèrè náà fún ẹlòmíràn bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nílé kejì, ìyẹn Commons tí mo ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń retí ìdáhùn. Fún ọ̀rọ̀ tó kan iléeṣẹ́ márùn-ún, wíwá Lọ́ọ̀dù tó mọ̀ nípa rẹ̀ dára ju kí aṣòfin kan máa sáré kiri.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kọ̀wé sí aṣòfin agbègbè rẹ, fi àdírẹ́sì àti kóòdù ìfìwéránṣẹ́ rẹ sí i, torí aṣòfin kì í gba ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í ṣe ará agbègbè rẹ̀. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínrọ̀ kan, kí o sì kọ ìbéèrè kan ṣoṣo tó ṣeé dáhùn pẹ̀lú iye, ọjọ́ tàbí ìwé. Má fi orúkọ ọmọ, orúkọ abánigbóyún tàbí orúkọ ilé ìwòsàn sínú ìbéèrè náà. Ohun tó bá wọ àkọsílẹ̀ ilé aṣòfin kì í jáde mọ́, ọmọ náà yóò sì dàgbà di ẹni tó lè kà á.

Kí o sì máa wo kàlẹ́ńdà. Bí sáà ìjókòó bá parí, gbogbo ìbéèrè tí wọn kò tíì dáhùn yóò kú pẹ̀lú rẹ̀. Iléeṣẹ́ tí kò fẹ́ dáhùn mọ ọjọ́ yẹn dáadáa. Tọ́jú ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà àti nọ́ńbà rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní tí àyè bá ṣí ní Table Office lẹ́yìn tí ọba bá ti ṣí sáà tuntun, kí aṣòfin tún un fi sílẹ̀ bó ṣe wà.